Àwẹ̀ Tí Wọ́n Ti Ohùn Àfáà Mọ́lé

Àbámẹ́ta, àwẹ̀ kìíní

Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni mí. Mi ò gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ní ìmọ̀ràn lọ́wọ́, kó lọ fi ra àkàrà jẹ nígbà ìṣínu.

Waliyat ọmọ mi ló fà á tí mo fi ń kọ èyí. Ó pè mí láti Ọ̀yọ́ pé ó tó gẹ́ẹ́, kí n gbé ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, pé ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, pé nǹkan kọ̀ǹpútà kì í ṣe iṣẹ́ àgbà. Mo ní kò burú. Ohun tí mo bá ṣe nínú àwẹ̀ yìí, màá fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ẹlòmíì ló ń bá mi ṣe é. Pírámárì mẹ́ta ni mo kà. Ó tó mi kọ̀wé.

Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ìrun Àìlà. Kí n tó tan ẹ̀rọ, èrò ti dúró, àwọn oníkẹ̀kẹ́, àwọn ìyá alásàláátù, wọ́n na mẹ́mọ́rì fóònù wọn sí mi kí n kó ohùn sí i, bí ẹni ń na abọ́ sí olóúnjẹ. Tàfúsírì, wáàsí ìtumọ̀ Kùránì, ti àwẹ̀ kìíní ni wọ́n fẹ́, ti Àfáà ọkọ mi. Ó ti pẹ́ tó ti kú, ṣùgbọ́n kò sí àwẹ̀ tí ohùn rẹ̀ kì í dún láti ẹnu ọ̀nà mi dé orítà Ọjà Igbó. Ìyá Dánlóòdù ni wọ́n ń pè mí. Mi ì í bínú sí i.

Gbogbo ohùn rẹ̀ ló wà nínú kọ̀ǹpútà yìí. Ẹyọ kan wà níbẹ̀ tí mi ò kó fún ẹnikẹ́ni rí. Èyí tó sọ lórí ibùsùn àìsàn ni. Ó fi orúkọ pe èmi Ràmọ́tà nínú rẹ̀, ó ṣe àdúrà fún mi, ó sì sọ ohun tí ọkọ ń sọ fún ìyàwó. Ọjọ́ kejìlélógún àwẹ̀ ló kú. Bí ọjọ́ náà bá ti pé lọ́dọọdún, màá ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn ìrun Alásárì, màá jókòó, màá gbọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Mi ì í gbọ́ ọ jù bẹ́ẹ̀ lọ kó má baà gbó mọ́ mi létí.

Ooru ń mú. Ògì àti mọ́ínmọ́ín ni mo fi ṣínu.

Ajé, àwẹ̀ kẹta

Ọlọ́runtóbi tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Takie wá.

"Ìyá Dánlóòdù, ẹ kú àwẹ̀ o. Ẹ kú ooru."

"Oò. Kí lo fẹ́ tà?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó yọ páálí kékeré kan nínú báàgì. Antifáírọ́ọ̀sì ni, ohun tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà, ọlọ́dún kan. Ó ní gbogbo mẹ́mọ́rì tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń wọ inú ẹ̀rọ mi, àti pé mi ò mọ ibi tí wọ́n sùn kí wọ́n tó wá.

Mo fi ìka han asà kékeré tó máa ń wà ní igun ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà. "Èyí ńkọ́?"

"Ìyẹn bá ẹ̀rọ wá láti ilé ni, Ìyá. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀yin náà sì mọ nǹkan ọ̀fẹ́."

"Ìyá tó bí ọ, tó ń ṣọ́ ọ nígbà tó o wà lọ́mọdé, èló lo san fún un?"

Rúùtù aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín látinú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọlọ́runtóbi dọ̀bálẹ̀ lórí ìdúró, ó ní òun á padà wá. Kó padà wá. Owó tó dá lé páálí yẹn ra epo jẹnẹrétọ̀ tó máa gbé mi dé Iléyá. Àti pé ilé tó bá gba ọdẹ méjì, ọ̀kan á máa sùn, á ní ẹnìkejì ń ṣọ́ ọ.

Ọjọ́rú, àwẹ̀ karùn-ún

Dátà tún ti gbówó lórí. Láràárọ̀ ni asà yẹn ń jẹ ẹ́, ó ní òun ń gba ìròyìn àwọn olè tuntun. Mo ti dátà pa. Kó máa fi àwọn olè àtijọ́ tó ti mọ̀ ṣeré ná.

Jímọ̀, àwẹ̀ keje

Waliyat dé láti Ọ̀yọ́ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ó gbé dàbínù wá, ó gbé ìyọnu wá.

Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. Tíṣà ni, kò sí ohun tí kì í fẹ́ máàkì. "Màámi, ẹ ti pa dátà."

"Owó mi ni."

"Màámi, mi ò ní kí ẹ ra ti Ọlọ́runtóbi. Asà tó wà nínú ẹ̀rọ yìí tó yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀ ń febi pa á, ẹ sì ń retí kó jà fún yín. Ẹ fún un ní dátà. Bó bá sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́ tiẹ̀. Ẹ sì jẹ́ n kó kọ́pì gbogbo ohùn Bàbá lọ sí Ọ̀yọ́." Ó yọ háàdì kan tí kò ju tírà lọ.

Ìgbà tó dárúkọ Ọ̀yọ́ ni inú bí mi. "Kó o kó o lọ bí Yẹ̀kínì ṣe kó o lọ?"

Yẹ̀kínì, ọmọ kéwú Àfáà. Ilé mi ló ti jẹun dàgbà. Nígbà tí wọ́n ti kó gbogbo kásẹ́ẹ̀tì Àfáà sínú kọ̀ǹpútà tán, ó wá tọrọ páálí kásẹ́ẹ̀tì náà lọ́wọ́ mi, ó ní òun fẹ́ máa fi kọ́ ọ̀rọ̀. Mo yá a. Èyí tó jẹ́ tèmi wà nínú wọn, mo so òwú pupa mọ́ ọn. Ó ní òun á dá wọn padà lẹ́yìn Iléyá. Iléyá ọdún wo ni kò sọ. Àfáà ńlá ló wà l'Ọ́yọ̀ọ́ báyìí, ó ní mọ́ṣáláṣí, ó ní mọ́tò. Mi ò bèèrè páálí náà lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tó jẹ́ tèmi, mi ì í tọrọ rẹ̀. Ohùn sì ti wà nínú kọ̀ǹpútà.

Waliyat fẹ̀sọ̀ bèèrè pé, "Èyí tí ẹ máa ń dá gbọ́ yẹn, ṣé ó wà níbòmíì?"

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ tọkọtaya kì í wà níbi méjì."

Ó palẹ̀ háàdì rẹ̀ mọ́. A jọ ṣínu.

Àìkú, àwẹ̀ kẹsàn-án

Rúùtù bu máńgòrò fún mi. Ti ọdún yìí tètè pọ́n. Aládùúrà ni Rúùtù, aṣọ funfun rẹ̀ wà lórí ìṣó, ṣùgbọ́n ó mọ àsìkò ìṣínu jù mí lọ.

Ìṣẹ́gun, àwẹ̀ kọkànlá

Israfil tó ń ta ẹní ìkírun wá. Èèyàn jẹ́jẹ́, ojú rẹ̀ kì í wo ojú obìnrin. Ó mú fláàṣì kan wá, ó ní Kùránì wà nínú rẹ̀ tó máa ń kéwú fúnra rẹ̀, tó tún máa ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ẹnìkan ló fi ránṣẹ́ sínú gúrúùpù Wasáàpù wọn. Ó fẹ́ kí n ṣí i wò, kí n sì máa kó o fún àwọn èèyàn, kí òun lè rí láádá àwẹ̀.

Mo ki fláàṣì bọ ẹ̀rọ. Asà fò sókè, ó pọ́n kankan, ó ní òun ò ní í jẹ́ kó wọlé.

Israfil fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ìyá, ẹ wo nǹkan! Ẹ̀rọ àwọn kèfèrí! Kùránì ló ń lé."

Mo wò ó. Àwòrán Káábà ló wà lára fáìlì náà, orúkọ Ọlọ́run sì wà lábẹ́ rẹ̀ ní kéwú. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ayé, mi ò tíì rí ibi tí ajá ti gbó mọ́ àlùfáà tí onílé máa ní ajá ló jàre. Nínú àwẹ̀! Nínú ṣọ́ọ̀bù tí Àfáà fi owó wáàsí rẹ̀ kọ́!

Mo dìde, mo bu omi, mo ṣe àlùwàlá. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́. Asà tún bi mí pé ṣé ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú. Ó tún sọ̀rọ̀, mo bá pa á lẹ́nu mọ́ pátápátá.

Nǹkan kan ṣí fẹ̀ẹ́, ó sì tì. Kò kéwú. Israfil ní bóyá dátà ló ń wá. Mo tan dátà fún un. A dúró títí, kò kéwú. Ó mú fláàṣì rẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ. Mo gbàgbé dátà sílẹ̀ níbẹ̀ kí n tó lọ kírun.

Ọjọ́rú, àwẹ̀ kejìlá

Mo tan ẹ̀rọ. Àwòrán Àfáà tó máa ń wà lójú rẹ̀ ti lọ. Ilẹ̀ dúdú, ọ̀rọ̀ pupa, Gẹ̀ẹ́sì.

Gbogbo ohùn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ wọn ti hu ìrù tí mi ò mọ̀. Mo tẹ àwẹ̀ kejìlá. Kò fọhùn. Mo tẹ ìkẹtàlá. Kò fọhùn. Mo wá tẹ èyí tó jẹ́ tèmi.

Kò fọhùn.

Àwọn èrò ti dúró síwájú ìta. Mo ní kò sí iná. Fáànù ń yí lórí wọn. Ọ̀kan nínú wọn wo òkè, ó wò mí, ó ní, "Ẹ kú àwẹ̀, Ìyá," wọ́n sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àlàmísì, àwẹ̀ kẹtàlá

Ọlọ́runtóbi wá. Ó yẹ̀ ẹ́ wò títí òógùn fi bò ó. Ó ní fáírọ́ọ̀sì ni, irú èyí tó máa ń ti nǹkan mọ́lé. Kò jí ohùn gbé, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ni, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ àwọn tó rán an wá, níbi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ó ní òun ò lè ṣí i. Ó ní kò sí ẹni tó lè ṣí i ní Ògbómọ̀ṣọ́, bóyá kò tilẹ̀ sí ní Nàìjíríà.

Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí mo ti mọ̀ pé ó máa sọ. "Ìyá, bó bá ṣe pé ẹ ra tèmi ni..."

Mo ní kó dúró. "Tìẹ, ṣé ì bá pariwo ju ti eléyìí lọ?"

"Ì bá pariwo, Ìyá."

"Eléyìí náà pariwo. Mo ní, nígbà tí mo bá sọ fún tìẹ pé kó yàgò, pé ó dá mi lójú, ṣé ì bá kọ̀ fún mi?"

Ó fi ọwọ́ ha orí. "Ó ṣeé ṣe kó dí ọ̀nà tí eléyìí ò dí. Mi ò lè parọ́ pé ó máa ń dí gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí onílé bá ní kó ṣílẹ̀kùn... Ìyá, onílé ló ni kọ́kọ́rọ́."

"Nígbà náà, má tà á fún mi lónìí."

Kò gba owó iṣẹ́. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù, pé ó ṣàánú mi.

Àbámẹ́ta, àwẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún

Waliyat wá. Ó ka Gẹ̀ẹ́sì tó wà lójú kọ̀ǹpútà fún mi. Dọ́là ni wọ́n ń bèèrè, wọ́n sì dá ọjọ́, wọ́n ní bí ọjọ́ bá kọjá, àwọn á fi kún un. Bí a bá sanwó, àwọn á fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́. Wọ́n kí wa. Ní ìparí, àwọn olè náà ní ẹ ṣeun.

Mò ń retí kó sọ pé òun ti sọ fún mi. Mo ti pèsè èsì sílẹ̀. Kò sọ ọ́. Ó kàn ní, "Màámi, àjọ mi máa kàn mí lóṣù yìí. Owó kọpuréétì àwọn tíṣà tún wà tí mo lè yá. Kò dájú pé wọ́n á ṣí i bí a bá san án, ẹlòmíì ń san án tí wọn ì í ṣí i. Ṣùgbọ́n nítorí ẹyọ kan yẹn..."

Mo ní, "Mi ò ní ra ọkọ mi lọ́wọ́ olè."

Ó sunkún. Èmi ò sunkún. Mo ṣa ẹ̀wà tí a máa jẹ.

Àìkú, àwẹ̀ kẹrìndínlógún

Mo gba àwẹ̀. Mi ò ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Ajé, àwẹ̀ kẹtàdínlógún

Mo lọ gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù kí àwọn èèyàn má baà rò pé mo kú. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo mú ìgbálẹ̀, mo bá gbọ́ ohùn Àfáà.

Mo nàró. Mo ní bóyá àwẹ̀ ló ń pa mí. Ó tún sọ̀rọ̀. Láti inú ṣọ́ọ̀bù Rúùtù ni.

Mo wọlé tọ̀ ọ́ láìkanlẹ̀kùn. Fóònù rẹ̀ wà lórí máṣìnì ìránṣọ, Àfáà ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ lórí sùúrù. Rúùtù fẹ́ pa á kíá, ojú tì í.

"Ẹ má bínú, Ìyá. Ẹ̀yin lẹ kó o sí i fún mi, ọdún tí ọkọ mi já mi sílẹ̀. Mo máa ń fi ránṣọ ni."

"Ṣé Wòlíì yín mọ̀?"

"Wòlíì ò bi mí."

Mo jókòó lórí àga oníbàárà rẹ̀. Ẹ̀rín ń pa mí, omi sì ń bọ́ lójú mi, mi ò mọ èyí tó kọ́kọ́ dé. Gbogbo ọdún tí mo fi ń kó o fún wọn! Mẹ́mọ́rì àwọn oníkẹ̀kẹ́, ti àwọn alásàláátù, ti oníbúrẹ́dì, ti àwọn ọmọ kẹ́míìsì. Ohùn Àfáà ò sí nínú kọ̀ǹpútà mi, ṣùgbọ́n ó wà nínú àpò gbogbo Ọjà Igbó.

Rúùtù ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí wọ́n fi ń wàásù láàárọ̀ kùtùkùtù. Mo mọ̀ ọ́n, òun ló máa ń jí mi. Ó lọ gbé e wá. Òun ló gbé e dání, èmi ni mo sọ̀rọ̀, láti ẹnu ọ̀nà mi dé orítà. Mo ní, "Ẹni tí mo bá ti kó ohùn Àfáà sí mẹ́mọ́rì ẹ̀ rí, kó mú un padà wá. Kò ní í san kọ́bọ̀." Mi ò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò kàn wọ́n.

Àlàmísì, àwẹ̀ ogún

Ọlọ́runtóbi ti fọ ẹ̀rọ náà mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láti òfo. Àwọn ohùn tí wọ́n tì, ó kó wọn sínú háàdì tí Waliyat fi sílẹ̀, ó ní nígbà míì, ó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀ kí kọ́kọ́rọ́ irú ẹ̀ jáde. Mi ò ní ọdún púpọ̀ tí mo fẹ́ fi dúró. Mo ní kó kó o síbẹ̀ ṣáá.

Asà wà ní igun rẹ̀. Mo ra dátà fún un, ó jẹun yó kí n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni na mẹ́mọ́rì wá.

Wọ́n ń wá láti àná, wọn ò dá. Ìyá kan gbé fóònù tí ojú ẹ̀ ti fọ́ wá láti ìsàlẹ̀ ọjà, ó ní ọkọ òun tó ti kú ló ni ín, òun ò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Àwẹ̀ kejìdínlógún ló wà níbẹ̀, odidi. Mo kó o. Ó jókòó gbọ́ ọ dópin, ó ní ohùn tí ọkọ òun fẹ́ràn nìyẹn.

Ọ̀kan nínú mẹ́mọ́rì tí wọ́n mú wá, asà pọ́n sí i. Ìyàwó lèmọ́mù ló ni ín. Ó ní, "Ìyá, Kùránì nìkan ló wà níbẹ̀ o."

Mo yọ ọ́, mo dá a padà fún un. "Kó lọ kọ́kọ́ wẹ̀," mo wí bẹ́ẹ̀. Ó bínú lọ. Kó máa bínú.

Israfil wá, ó kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà níwájú èrò. Mo ní kó dìde. Mo ní, "Kì í ṣe ọwọ́ ẹ ló tẹ̀ ẹ́."

Èyí tó jẹ́ tèmi ò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Báwo ló ṣe máa wà? Mi ò kó o fún ẹnikẹ́ni.

Jímọ̀, àwẹ̀ kọkànlélógún

Mo wọ mọ́tò ní Takie lọ sí Ọ̀yọ́. Mi ò sọ fún Waliyat pé mò ń bọ̀. Eruku, kòtò, tírélà tó dábùú ọ̀nà. Awakọ̀ ní kí n wá síwájú, pé ẹ̀yìn máa jà mí sókè. Mo ní ẹ̀yìn ni mo sanwó fún.

Kí n tó dé mọ́ṣáláṣí Yẹ̀kínì ni mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ látorí òkè. Ìtàn ọkùnrin tó gbẹ́ kànga ló ń sọ, ọkùnrin tó fi kọ́kọ́rọ́ ti kànga rẹ̀ kí ará àdúgbò má baà fa omi gbẹ, títí omi náà fi rà sínú rẹ̀. Ìtàn Àfáà ni. Bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni. Ibi tí Àfáà ti máa ń dánu dúró wúkọ́, Yẹ̀kínì náà dánu dúró níbẹ̀. Kò dárúkọ Àfáà. Àwọn èèyàn ń pariwo "Allahu Akbar."

Nígbà tó parí, ó rí mi. Ó sáré bọ̀, ó kúnlẹ̀, agbádá rẹ̀ gbá ilẹ̀.

"Ìyá wa! Ẹ̀yin náà nìyí? Ẹ kú àwẹ̀, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta! Ẹ ò sì fóònù, à bá wá gbé yín!"

"Kásẹ́ẹ̀tì mi, Yẹ̀kínì."

"Wọ́n wà, Ìyá. Páálí wọn wà lórí àjà. Èyí tí ẹ so òwú mọ́ yẹn, mi ò fọwọ́ kàn án rí. Mo mọ̀ pé tiyín ni."

"Lọ gbé e wá."

"Nínú àwẹ̀ báyìí, Ìyá? Àjà yẹn ń fẹ́ káfíńtà. Ẹ jẹ́ ká ṣọdún tán. Lẹ́yìn Ìtúnu, èmi fúnra mi máa gbé e wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, màá dọ̀bálẹ̀ gbé e fún yín." Ó rẹ́rìn-ín. "Àbí kí lẹ fẹ́ fi ṣe ní kánjúkánjú? Ṣebí gbogbo ẹ̀ ti wà nínú kọ̀ǹpútà yín."

Mo lè sọ fún un nígbà náà. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Mo wo agbádá rẹ̀, mo wo àwọn èrò ẹ̀yìn rẹ̀ tí wọ́n ń wò mí, tí wọ́n ń bi ara wọn pé ta ni ìyá arúgbó yìí. Mo ní, "Ó wà níbẹ̀."

Mo fi àwẹ̀ lẹ́nu purọ́.

Inú mọ́tò ni oòrùn ti wọ̀ bá mi. Ẹni tó jókòó tì mí fún mi ní omi àti dàbínù kan. Mi ò mọ̀ ọ́n.

Àbámẹ́ta, àwẹ̀ kejìlélógún

Ọjọ́ Àfáà. Mo kírun Alásárì, mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó.

Kò sí ohun tí mo lè tẹ̀. Mo ní kí n sọ ọ́ látorí. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni mo ń gbọ́ ọ, kí ó má baà gbó, n ò sì mọ̀ pé mi ò kọ́ ọ sórí. Mo mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Mo mọ ibi tí èémí rẹ̀ ti gé. Àdúrà tó wà láàárín, mo pa á pọ̀ mọ́ òmíràn. Orúkọ mi nìkan ló yanjú, èmi fúnra mi ni mo sì ń pè é.

Rúùtù ò lo máṣìnì rẹ̀ títí mo fi ṣílẹ̀kùn.

Àlàmísì, àwẹ̀ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Òjò àkọ́rọ̀. Ó lu páànù, ó dá, ilẹ̀ ń rùn dáadáa.

Kò sí tàfúsírì ọjọ́ kan nínú àwẹ̀ tí kò tíì padà. Àwọn kan wá pẹ̀lú ariwo mọ́tò lẹ́yìn wọn, nítorí orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ti fi fóònù gbà á, ṣùgbọ́n Àfáà ló ń sọ̀rọ̀. Waliyat wá, mo gbé háàdì tí mo kó wọn sí lé e lọ́wọ́ kó tó bèèrè. Mo ní kó kó o lọ sí Ọ̀yọ́. Mo ní kó kó o fún ẹni tó bá fẹ́.

"Màámi, ti Ọlọ́runtóbi ńkọ́? Ṣé ẹ máa rà á báyìí?"

Mo ti rò ó. Ọlọ́runtóbi ní òun ti dín owó rẹ̀ kù. Mo ní, "Èyí tó bá ẹ̀rọ wá tó mi. Ó rí olè náà kí n tó rí i. Ó sọ fún mi. Mo mú un bí alárìnká tó ń ṣe ariwo lásán. Bí mo bá ra òmíràn tí mi ò gbọ́ tiẹ̀, kí ni mo rà?"

"Bí olè tí kò mọ̀ bá wá ńkọ́?"

"Ìdí nìyẹn tó o fi ń gbé e lọ sí Ọ̀yọ́."

Kò mẹ́nu ba pé kí n gbé ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ mọ́. Ó ní òun á máa wá kó kọ́pì tuntun lóṣooṣù. Mo ní kó máa mú dàbínù dání.

Àìkú, Ọdún Ìtúnu

Mo wọ léèsì aláwọ̀ ewé. Àfáà dún láti àárọ̀ títí dìgbà tí a kírun Yídì, ohùn rẹ̀ dé orítà. Mo jẹun láàárọ̀, ó jọ mí lójú.

Yẹ̀kínì fi àwòrán ìkíni ránṣẹ́ lórí Wasáàpù, òṣùpá àti ìràwọ̀. Mò ń retí rẹ̀.

Ọjọ́rú, lẹ́yìn Ìtúnu

Yẹ̀kínì ò wá. Ó fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wasáàpù, ó dùn bí oyin. Ó ní àlejò pọ̀, káfíńtà ò tíì ráyè. Ó ní, "Ìyá wa, ẹ jẹ́ ká kúkú ṣe é di Iléyá."

Rúùtù ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tẹ fóònù mọ́lẹ̀ fi ohùn ránṣẹ́. Mi ò bá ẹnikẹ́ni gba ìmọ̀ràn ohun tí mo máa sọ. Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyí, mo kọ ọ́ síbí kó má baà wà níbì kan ṣoṣo:

Yẹ̀kínì, èmi Ràmọ́tà ni. Irọ́ ni mo pa fún ọ lọ́jọ́ Jímọ̀ tí mo wá. Kò sí nínú kọ̀ǹpútà mọ́. Asà sọ fún mi, mi ò gbọ́, mo ṣílẹ̀kùn fún olè, ó ti ọkọ mi mọ́lé. Ọwọ́ rẹ nìkan ló kù sí láyé. O jẹun nílé mi, mi ò bèèrè oúnjẹ. O ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe wáàsí, mi ò bèèrè ọ̀rọ̀. Páálí tó kù, máa lò ó. Ẹyọ kan tí mo so òwú pupa mọ́, mo yá ọ ni, mi ò ta ọ́ lọ́rẹ. Má dúró de káfíńtà. Má dúró de Iléyá. Gorí àjà lónìí, kó o dá kásẹ́ẹ̀tì mi padà.